Láti Orí Ọwọ́ Dé Orí Owó: Ìtàn Ìtọ́jú Àgbà Nínú Ilé Láàrin Àwọn Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àṣà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń lò, gbólóhùn díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àgbà máa ń gbà. Ohun tí ó máa ń wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá a máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé ọmọ kì í fi òbí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́, àti pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ a bọ́ sórí ìráhùn. Ọ̀làjú ti dé, ìfẹ́ ti lọ, àwọn ọmọ ìwòyí sì ti kọ́ ìwà òyìnbó tí ń kó òbí rẹ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó. Bí olùkọ́ ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tirẹ̀ ni ó ṣe ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn oníwàásù àti àwọn atọ́kùn ètò orí rédíò náà sì ń bu iyọ̀ sí i.

Àpilẹ̀kọ yìí kò bá òwe òkété jà. Ìbéèrè tí ó ń bi òwe náà ni pé: ọmọ wo? Ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àkọ́bí ni tàbí ìyàwó ilé, ọmọ bíbí inú ni tàbí ẹni tí wọ́n fi owó rà? Ta ni ó pọn omi tí bàbá àgbà fi wẹ̀? Ta ni ó da póò nù láàárọ̀, ta ni ó sì jí lóru nígbà tí ìyá àgbà ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n ti kú? Iṣẹ́ ni ìtọ́jú àgbà, iṣẹ́ tí ó ń gba àkókò àti agbára, tí kì í sì í tán lóòjọ́. Iṣẹ́ kò lè wà láìní òṣìṣẹ́. Ohun tí ìtàn nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn fi hàn ni pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ti ń kúrò nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìdí tí ó dára, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ pé ìfẹ́ ti dínkù.

Ìtọ́jú tí ọ̀rọ̀ dá lé níhìn-ín yàtọ̀ sí ti oníṣègùn. Egbòogi, abẹ́rẹ́ àti oògùn ní ìtàn tiwọn. Èyí tí ó wà níhìn-ín ni gbígbé àgbà dìde lórí ẹní, wíwẹ̀ fún un, fífi òrí pa oríkèé tí làkúrègbé ti mú, pípo ẹ̀kọ fún ẹni tí kò léyín mọ́, fífọ aṣọ tí ó tọ̀ sí, mímú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, jíjókòó tì í kí ó má baà dá nìkan wà, àti wíwá a kiri nígbà tí ó bá ti ń ṣarán tí ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kì í wọ inú ìwé ìtàn. Bóyá nítorí pé àwọn tí ń ṣe wọ́n kì í wọ inú ìwé ìtàn náà ni.

Ọwọ́ inú agbo ilé

N. A. Fádípẹ̀, tí ó kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970 gẹ́gẹ́ bí ìwé The Sociology of the Yoruba, ṣe àlàyé agbo ilé fínnífínní: àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ ìran kan náà, àwọn ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ wọn, tí gbogbo wọn wà lábẹ́ baálé. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ìtàn ìtọ́jú àgbà kíyè sí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìrísí rẹ̀. Yàrá àgbà ń ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni gbogbo ilé ń gbà kọjá. Ẹni tí ń lọ sódò, ẹni tí ń bọ̀ láti oko, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, gbogbo wọn ni yóò kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tí ó jókòó síbẹ̀. Bí kò bá dáhùn, wọn yóò yọjú wò ó. Kò sí ẹni tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ ìṣọ́ yìí, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí iṣẹ́. Ìkíni ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ń gba owó lé lórí lóde òní, pé kí ẹnìkan yà wo arúgbó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ tí ó ju ìkíni lọ, orí ìyàwó ilé ni ó ń já lé. Nítorí pé obìnrin ni ó ń kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ sílé ọkọ, bàbá àti ìyá tí ó ń pọn omi fún jẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ wà nínú agbo ilé mìíràn, níbi tí ìyàwó ọmọkùnrin ìyá náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí òwe bá sọ pé ọmú ọmọ rẹ̀ ni òkété ń mu, ọmọ ọlọ́mọ ni ó sábà máa ń fún un lọ́mú. Ọmọkùnrin ilé ni ó ń gba ìyìn pé ó tọ́jú bàbá rẹ̀. Òun ni ó ń ra ẹran, òun ni ó ń pe babaláwo, òun sì ni yóò ṣe òkú. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń fọ aṣọ.

Kì í ṣe pé ìyàwó ilé kò rí nǹkan gbà padà. Obìnrin Yorùbá a máa ṣòwò, ọjà rẹ̀ sì lè jìnnà. Niara Sudarkasa, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó gbé ní Awẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 láti ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin oníṣòwò ibẹ̀, kọ ìwé rẹ̀, Where Women Work, jáde ní 1973. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mú kí ó yéni ni pé obìnrin tí ó ń lọ sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún nílò ẹni tí yóò dúró ti ọmọ nílé. Ìyá ọkọ ni ẹni náà. Fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ọdún, ìyá ọkọ ni ó ń gba ọmọ pọ̀n, tí ó ń sọ́ ìkòkò lórí iná, kí agbára rẹ̀ tó tán tí ìyàwó yóò fi máa tọ́jú òun náà. Àdéhùn tí kò ní ìwé ni, ọjọ́ rẹ̀ gùn, ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ rẹ̀ ní àdéhùn.

Ọmọ ọmọ ni ọwọ́ kejì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: òwe yìí, tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́ni ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lásán, jẹ́ àpèjúwe bí iṣẹ́ ilé ṣe pín gan-an. Bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó lè di ọmọ ìyá àgbà. Orí ẹní kan náà ni wọn yóò máa sùn. Òun ni ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òun ni ó ń tan fìtílà, òun ni ó ń fa ọ̀pá àgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Lóru, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ bí àgbà bá ń kérora. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn kì í sábà rántí pé púpọ̀ nínú àlọ́ àti oríkì tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ kọjá láti ẹnu dé etí nínú yàrá yìí. Ọmọ tí ó wà níbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ni wọ́n pa á fún.

Ti ọkùnrin tí ó dàgbà yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ilé olóbìnrin púpọ̀, ọkọ lè jẹ́ ẹni 70 ọdún nígbà tí aya tí ó fẹ́ gbẹ̀yìn kò tíì pé 40. Nígbà tí ìyálé náà ti darúgbó bí i tirẹ̀, obìnrin tí ó lágbára ṣì wà nílé. Bí ọkọ bá kú, opó ṣíṣú a mú kí obìnrin náà ṣì ní àyè nínú agbo ilé tí ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ti àgbà tí kò bímọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò a máa fi ọmọ fún un láti wò, ọmọ náà yóò sì máa pè é ní ìyá tàbí bàbá. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹnikẹ́ni máa fẹ́ kí gbogbo àṣà wọ̀nyí padà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ìtọ́jú ọjọ́ ogbó wà lára ohun tí ó gbé wọn ró, àti pé nígbà tí wọ́n lọ, kò sí ohun tí wọ́n fi dípò rẹ̀.

Ẹrú, ìwọ̀fà, àti àgbà tí kò rí ọwọ́

Ọwọ́ kan wà tí àwọn ìwé àṣà kì í fẹ́ dárúkọ. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń tú ìlú, ẹrú kún ilé àwọn alágbára. Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dáadáa nínú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ nínú The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Kò ní ọmọ mọ́, kò sì ní ọmọ ọmọ. Ẹrú ni ó wà ní àyíká rẹ̀, pẹ̀lú Kúmúyìlọ̀ tí ó gbà tọ́. Ní 1874, nígbà tí àwọn ìjòyè ti dìtẹ̀ sí i, tí Kúmúyìlọ̀ sì wà nínú ọ̀tẹ̀ náà, ọwọ́ ẹrú inú ilé rẹ̀ ni ó ti kú lóru. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ikú yẹn, ó kọjá ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àgbà. Síbẹ̀, ó fi hàn kedere irú ọwọ́ tí obìnrin tí ó lówó ṣùgbọ́n tí kò lọ́mọ lè rí nígbà náà.

Ìwọ̀fà sún mọ́ ilé ju ẹrú lọ. Ẹni tí ó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ ìwọ̀fà sì ni èlé owó náà títí wọn yóò fi san án tán. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n bá fi ṣọfà, inú ilé ni ó sábà máa ń wà, lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà. Lẹ́yìn tí agbára Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀ ní 1893, ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé wọn díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, ìjọba amúnisìn gbógun ti ìwọ̀fà, ní pàtàkì ti àwọn ọmọdé. Kò sí ẹni rere tí yóò kábàámọ̀ èyí. Àmọ́ ẹni tí ó bá ń sọ pé ilé ayé àtijọ́ kún fún ìtọ́jú gbọ́dọ̀ fi àwọn wọ̀nyí kún àwọn tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìtàn Àfàlà, ìyá Àjàyí Crowther, ni àwọn oníwàásù fẹ́ràn jù. Ogun kó ọmọ rẹ̀ lọ ní Òṣoogùn ní 1821. Ní 1846 ni wọ́n tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ó gba ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó wà láyé nígbà tí ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì kú ní Èkó ní 1883 nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti sún mọ́ 100. Ìtàn náà dùn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Crowther ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀ Odò Ọya lọ́dọọdún, ọ̀nà náà sì jìn. Ìyá tí ó ti lé ní 80 ọdún kò lè máa retí ọkọ̀ ojú omi kí ó tó wẹ̀. Àwọn tí ń sọ ìtàn náà a máa dúró lórí ìyá àti ọmọ. Àwọn tí wọ́n wà nílé ní Èkó láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í wọ inú rẹ̀.

Àwọn àgbà mìíràn wà tí ohun tí wọ́n rí gbà burú ju àìrí ìtọ́jú lọ. Ní 1950 sí 1951, àwọn oníàtíńgà, tí ẹgbẹ́ wọn ti ìhà Gold Coast gba Dahomey wọ ilẹ̀ Yorùbá, ń lọ láti ìlú dé ìlú ní agbègbè Ẹ̀gbádò àti Kétu, wọ́n ń wá àjẹ́. Obìnrin àgbà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Wọ́n fi tipátipá mú wọn jẹ́wọ́, wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ wọn. Ní 1951 ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú arúgbó tí ń ṣarán mọ̀ pé irú wọn a máa dá sọ̀rọ̀, a máa rìn lóru, a sì máa gbà pé òun ṣe ohun tí òun kò ṣe. Kò pọn dandan kí ẹ̀tanú dúró de àtíńgà. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ṣì ń dé bá àwọn ìyá àgbà títí di òní, agbo ilé kan náà tí wọ́n ń yìn ni ó sì sábà máa ń ti jáde.

Bí ọwọ́ ṣe tú ká

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Kòkó gbilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì ń ṣí lọ sí oko etílé àti oko egàn, àwọn mìíràn sì lọ sí Èkó. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà ń ṣòwò ní Gold Coast, àwọn ará Èjìgbò sì ń lọ sí Abidjan. Ìyàwó tẹ̀lé ọkọ. Èyí kò tíì sọ agbo ilé dahoro, nítorí pé àwọn ọmọ ṣì ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọlọ́kọ̀ sì ń gbé owó àti aṣọ wá sílé. Níbẹ̀ ni owó ti kọ́kọ́ ń gba ipò ọwọ́. Nígbà tí ìjọba Ghana lé àwọn àjèjì ní ìparí 1969, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó padà sílé jẹ́ ẹni tí ó ti dàgbà sẹ́yìn odi. Agbo ilé tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n wá bá gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Ìgbàgbọ́ mú ìgbéyàwó aláya kan wá. Àǹfààní rẹ̀ fún obìnrin kò kéré. Ṣùgbọ́n ọkọ àti aya tí wọ́n jùmọ̀ gbéyàwó ní ọmọ ọdún 25 àti 22 yóò jùmọ̀ darúgbó. Nígbà tí ẹ̀gbà bá mú bàbá, ìyá tí yóò gbé e dìde ti ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jáde nínú àríyànjiyàn lórí olóbìnrin púpọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó jáde.

Ìgbésẹ̀ tí ó lágbára jù wáyé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 1954 jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Kí ọdún 1958 tó parí, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan. Àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ ti kọ púpọ̀ lórí iye kíláàsì tí wọ́n kọ́ àti iye olùkọ́ tí wọ́n wá kiri. Ìṣirò kan wà tí wọn kò ṣe. Nínú àwọn ọmọ tí ó fi ilé sílẹ̀ ní aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ láàrin ọdún kan náà, mélòó ni ó ń fa ọ̀pá fún bàbá àgbà? Mélòó ni ó ń pọn omi? Lóòótọ́, wọ́n ń padà dé lọ́sàn-án, àwọn kan sì wà tí òbí wọn fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí wọ́n lè rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ọ̀pọ̀ wọn kò padà sí abúlé mọ́. Ìwé ni ó gbé wọn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, sínú iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òbí kan náà tí ó ta ilẹ̀ kí ọmọ lè kàwé ni ó wá kù nílé ní òun nìkan. Láti sọ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ òbí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ àìmọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Òbí ni ó rán an lọ.

Àwọn ọmọ mìíràn mú òbí wọn wá sí Èkó. Yàrá méjì tí ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń gbà kọjá. Ọkọ lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ bàbá tí ọmọ fi mọ́tò gbé lọ sí Èkó ni ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Owó dípò ọwọ́

Ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá gbà ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọbìnrin kékeré láti ilé ẹbí tí ó tálákà, tàbí láti Dahomey àti Tógò, ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá ní abúlé tàbí kí wọ́n fi tì í nínú yàrá ní Èkó. Ó jọ ọmọ ọmọ, kì í ṣe ọmọ ọmọ. Kò sí ẹni tí ó ń pa àlọ́ fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 àti òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé ti 2004 ti sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, àgbàlagbà tí ó tọ́ láti gba owó oṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ti wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí ń bá àwọn ẹbí wá olùtọ́jú. Ẹni tí kò lówó kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé àwọn arúgbó, ti ìjọba ní Yaba àti ti àwọn ìjọ, kò tó nǹkan. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni mọ́ ni ó sì wà fún.

Kí ni ìjọba ṣe? Ìwé Òfin Orílẹ̀-Èdè ti 1999, ní abala 16, dárúkọ ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì lára ohun tí ìjọba yóò máa lépa, abala 17 sì ní kí wọ́n dáàbò bo arúgbó lọ́wọ́ ìpatì. Ṣùgbọ́n Orí Kejì ni abala méjèèjì wà, abala 6 sì sọ pé ilé-ẹjọ́ kò lè fi ohun tí ó wà nínú Orí Kejì mú ìjọba. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò ní 2014, jẹ́ ti àwọn tí ó ń gba owó oṣù nígbà náà. Àgbẹ̀ àti ìyá oníṣu kò sí nínú rẹ̀. Ní 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65 tí wọn kò ní ohun ìtìlẹ́yìn. Owó Arúgbó ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ìjọba yí padà ní 2014, kò sì pẹ́ tí ètò náà fi dáwọ́ dúró. Òfin tí ó dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ jẹ́ ti 2017, ibùdó náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. ₦5,000 kò tó gba olùtọ́jú, kódà nígbà náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí àgbà lè rán ọmọ aládùúgbò níṣẹ́, kí ó sì fún un ní nǹkan.

Ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìsìnkú níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bí àwọn kan nínú. Ọmọ tí kò rí owó olùtọ́jú san ní ọdún mẹ́ta a máa rí owó màlúù, owó àgọ́ àti owó aṣọ ẹbí kó jọ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ènìyàn ń rí ìsìnkú. Wọn kì í rí ìwẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ lókè òkun

Láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ tí ó ti kàwé ń kọjá Èkó. Àwọn kan gba lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ láti orí ti ọdún 2015. Àwọn mìíràn lọ sí Bìrìtéènì. Iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ rí ni títọ́jú arúgbó, èyí tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ kíà láàrin ara wọn.

Níbí ni ìtàn "òyìnbó ń kó òbí dànù" ti yẹ kí ó dojú kọ òtítọ́. Púpọ̀ jù nínú àwọn arúgbó Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé ara wọn ni wọ́n ń gbé. Òfin 1948 ni ó fi òpin sí òfin àtijọ́ fún àwọn aláìní, tí ó sì sọ ọ́ di ojúṣe àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè ibùgbé fún arúgbó tí kò ní olùtọ́jú. Òfin 1990, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 1993, ti iṣẹ́ náà sí ọ̀nà inú ilé, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ni púpọ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Olùtọ́jú a máa lọ láti ilé dé ilé, ó lè má ju ìṣẹ́jú 15 lọ nínú ọ̀kan: kí ó gbé arúgbó dìde, kí ó wẹ̀ fún un, kí ó se tíì, kí ó tún máa sáré lọ. Òyìnbó náà pàdánù ọwọ́ inú ilé, ṣáájú Yorùbá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìjọba rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ni, ó sì ń san owó lé e, bí owó náà kò tilẹ̀ pọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Bìrìtéènì ṣí físà òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn wọn gba físà náà jù. Olùkọ́ lọ, òṣìṣẹ́ báńkì lọ, àwọn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni náà lọ. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, olùtọ́jú tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí wọ́n bá fẹ́ gbà láti òkè òkun. Àwọn tí ó ti wọlé kò padà.

Obìnrin tí ó wà ní Leeds tàbí Manchester, tí ó ń wẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn ní aago méje òwúrọ̀, ní ìyá tirẹ̀ ní Ìlẹṣà. Ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, owó náà sì pọ̀ ju èyí tí ọmọ tí ó wà nílé lè mú wá lọ. Ó ń fi fóònù wo ojú ìyá rẹ̀ ní alaalẹ́. Owó náà ni wọ́n fi gba opó kan tí ó lé ní 40 ọdún, tí ó wá láti abúlé kan lẹ́yìn ìlú, láti máa bá ìyá gbé. Opó yìí mọ iṣẹ́ náà, ó ní sùúrù, ìyá sì ti ń pè é ní ọmọ òun. Ìyá tirẹ̀ ṣì wà láàyè ní abúlé tí ó ti wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tì í, ọmọ náà a sì máa pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọn omi.